Bí Ìkànnì Kò Bá Ṣí ní Ọ́fíìsì

Bí ìkànnì kan bá kọ̀ láti ṣí lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ẹ fi dátà fóònù yín ṣí i wò. Bí ó bá ṣí, ìkànnì náà ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé. Bí bátìrì kékeré inú rẹ̀ bá ti kú, tí iná sì lọ, ọjọ́ lè padà sẹ́yìn lọ́pọ̀ ọdún. Ìkìlọ̀ ni yóò sì máa jáde lórí ìkànnì tí àdírẹ́sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https. Ẹ tún ọjọ́ náà ṣe. Bí ìkìlọ̀ kò bá lọ, ẹ má ṣe tẹ nọ́ńbà káàdì báńkì yín síbẹ̀, ìbáà jẹ́ owó orí tí gbèdéke rẹ̀ ti pé ni ẹ fẹ́ san.

Bí kò bá ṣí fún ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì, ẹ fi tó òṣìṣẹ́ tí ó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì létí.