Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Oyè Yunifásítì Tí A Ti Òkèèrè Gbà

Ìbéèrè kan kì í pẹ́ jẹyọ ní àwọn sẹkitéríàtì ìjọba ilẹ̀ Yorùbá, ì báà ṣe Aláúsá ní Ìkẹjà tàbí Agodi ní Ìbàdàn. Bí òṣìṣẹ́ kan bá gbé ìwé ẹ̀rí oyè nínú ìmọ̀ ìṣàkóso iṣẹ́ ìjọba kalẹ̀, tí ó sì sọ pé inú ilé òun, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni òun ti kà á, àwọn kan yóò wo ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọn a ní, ‘Ṣé ojúlówó ni?’ Èrò wọn ni pé ẹni tí kò jókòó nínú kíláàsì kò kàwé. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Kì í ṣe ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí ni oyè ti ń gba iyì, bí kò ṣe ìdánwò tí ó ṣe àti ọwọ́ tí a fi mú ìdánwò náà.

Ní ọdún 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gba àṣẹ tí ó jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe ìdánwò oyè rẹ̀ láìka ibi tí ó ti kàwé sí. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bíi Wolsey Hall ti Oxford ti rí iṣẹ́ ṣe: wọn a fi ìwé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, akẹ́kọ̀ọ́ a kọ èsì, a dá a padà, olùkọ́ tí kò rí i rí a yẹ̀ ẹ́ wò. Alvan Ikoku, tí àwòrán rẹ̀ wà lórí owó náírà mẹ́wàá, gba oyè Lọ́ńdọ̀nù báyìí ní 1928. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ní 1944, ìyẹn kí ó tó wọkọ̀ lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn, òwò irè oko àti ti ọkọ̀ akẹ́rù ni ó fi ń gbọ́ bùkátà, ìwé sì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni yìí ni ó di Pírẹ́míà Ìwọ̀ Oòrùn ní 1954, tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba rẹ̀ ní Oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1955. Alákòóso tí ilẹ̀ Yorùbá fi ń yangàn jù lọ, akẹ́kọ̀ọ́ àtòkèèrè ni.

Àní Ìbàdàn pàápàá, tí a dá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1948, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbà kí ó tó di yunifásítì adádúró ní 1962. Wọ́n ní kíláàsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣẹ tí ó fi iyì sára ìwé ẹ̀rí wọn, òkè òkun ni ó ti wá.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, olùkọ́ kan wà ní àdúgbò wa tí àtùpà rẹ̀ kì í kú títí di ààjìn. Ìwé ẹ̀kọ́ tí ó ń ti òkè òkun bọ̀ nínú àpòòwé ni ó ń kà. Àwa ọmọdé rò pé lẹ́tà ìfẹ́ ni.

Nígbà tí ó yá, Nàìjíríà fẹ́ ṣe ti ara rẹ̀. Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àtòkèèrèkọ́ sílẹ̀ ní 1974. Ní ọjọ́ 22 Oṣù Keje, ọdún 1983, lábẹ́ ìjọba Shehu Shagari, a dá Yunifásítì Ìmọ̀ Gbangba ti Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NOUN. Kò pé ọdún kan. Àwọn ológun gbàjọba ní òpin ọdún náà, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 25 Oṣù Kẹrin, ọdún 1984, ìjọba Muhammadu Buhari dá a dúró. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó fi sùn kí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jí i dìde ní 2001. Nígbà tí Ọbásanjọ́ kúrò lórí àlééfà ní 2007, òun alára forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018.

Ní tèmi tí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè jẹ́ iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ká mi lára jù nínú ìtàn yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni ‘kọrẹspọ́ńdẹ́ǹsì’. Ní ayé Awólọ́wọ̀, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni: ó ń fi hàn pé ènìyàn tẹpá mọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tí ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní NOUN ń wá ọ̀nà wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí kan náà wà lára ohun tí a fi dènà wọn. A ní ẹ̀kọ́ kọrẹspọ́ńdẹ́ǹsì ni tiwọn. A kò sì ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ibẹ̀ fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ó di Oṣù Kejìlá, ọdún 2018, kí Buhari, tí ó ti di ààrẹ tí a dìbò yàn, tó fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tí ó fi NOUN sí ipò kan náà pẹ̀lú àwọn yunifásítì yòókù. Ọwọ́ tí ó ti ilẹ̀kùn ní 1984 náà ni ó mú ìdènà yìí kúrò.

Báwo ni a ṣe ń gba oyè ìṣàkóso iṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ lónìí? Ọdún mẹ́rin ni fún ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Kò ní ṣe ìdánwò JAMB, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí girama tí ó pójú òṣùwọ̀n. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti gba ìwé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ náà ni yóò ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tí ó ní máàkì 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Máàkì 70 tí ó kù di ìgbà ìdánwò, lójú àwọn alábòójútó. Ọ̀pọ̀ tí ó ń kà á jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Lẹ́fẹ̀lì 8 ni ẹni tí ó ní oyè àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Akọ̀wé tí kò ní in yóò pẹ́ nísàlẹ̀. Kò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ náà ń bẹ ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òpin 2023. Akọ̀ròyìn kan láti Nàìjíríà fi hàn nínú ìwé ìròyìn pé òun gba oyè yunifásítì ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Nígbà tí Oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024 wọlé, ìjọba Nàìjíríà dá àyẹ̀wò oyè láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, àwọn tí ó fi òótọ́ inú kàwé níbẹ̀ sì bá a lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ wà, kíláàsì wà, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí jáde láìsí ẹ̀kọ́. Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ni ó ba oyè yẹn jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, ọwọ́ wa ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwa ni a ń gbé ìbéèrè ìdánwò kalẹ̀, àwa ni a ń fún ni ní máàkì. Bí a bá mú un le tí a sì mú un tọ́, akọ̀wé tí ó fi òru kàwé ní yàrá rẹ̀ kò ní ohun tí yóò tì í lójú níwájú ẹni tí ó jókòó ní gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí a má bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà tí ó gbà. Ẹrù tí ó rà bọ̀ ni kí a tú wò.