Ìlà Òǹkà àti Àròpọ̀ Ìwọ̀n fún Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn

Ìlà òǹkà ni ìlà gbọọrọ tí a pín sí ààyè tó dọ́gba, tí a sì kọ òǹkà sí ẹsẹ̀ àmì kọ̀ọ̀kan láti orí òdo lọ. Olùkọ́ máa ń fi í kọ́ ọmọdé bí a ṣe ń ro ìwọ̀n méjì pọ̀. Ọmọ á gbéra lórí òdo, á rin ìwọ̀n àkọ́kọ́, á sì ti ibi tó dé rin ìwọ̀n kejì. Ibi tó bá dúró sí ni ìdáhùn. Rúlà inú àpò ìwé àti téèpù ọrùn télọ̀, ìlà òǹkà ni àwọn méjèèjì. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó tàbí Bẹyẹrunka ti mọ téèpù kó tó mọ ilé-ìwé.

Ìwọ̀n ilẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ṣàlàyé ìlà yìí láyé àtijọ́. Ní ọdún 1685, John Wallis, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ènìyàn bá rin ọ̀pá 5 síwájú, tó sì fà sẹ́yìn ní ọ̀pá 2, ọ̀pá 3 ló kúrò níbi tó ti gbéra. Bí ó bá fà sẹ́yìn ní 8, á kọjá ibi tó ti gbéra, á sì fi ọ̀pá 3 wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, ìwé kíkà bẹ̀rẹ̀ ní Kúdẹtì, níbi tí míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí ní 1853. Akínyẹlé àti Yéjídé, ọmọ Olóyè Olúnlóyọ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì wọn. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955, ínǹṣì, ẹsẹ̀ bàtà àti ọ̀pá ni àwọn ọmọ ń rò pọ̀. Òfin ìwọ̀n ọdún 1974 gbé mítà àti sẹ̀ǹtímítà wọlé, ṣùgbọ́n ínǹṣì kò kúrò lẹ́nu télọ̀ títí di òní. Ojú kan téèpù jẹ́ ínǹṣì 60, ojú kejì sẹ̀ǹtímítà 150. Ọmọ tó ka apá lójú kan, tó ka àyà lójú kejì, tó wá rò wọ́n pọ̀, kò rí nǹkan kan rò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti ibi ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá ní kí ọmọ ro sẹ̀ǹtímítà 9 mọ́ 7, á fi ìka lé orí 9, á pe ibẹ̀ ní “ení”, á sì bá ara rẹ̀ lórí 15. Àmì ló kà; àlàfo tó wà láàárín àmì ló yẹ kó kà. Mi ò gbà pé àìgbọ́n ni. Báyìí ni àwa náà ṣe ń ka ọjọ́. Ọjà aṣọ òfì ní Òjé, ìtàdógún ni, ọjọ́ kẹtàdínlógún; bẹ́ẹ̀ 16 ni ilẹ̀ tó ń mọ́ láàárín ọjà kan sí èkejì, nítorí a ka ọjọ́ ọjà tòní mọ́ ọn. Èyí tọ́ fún ọjọ́, kò tọ́ fún aṣọ. Olùkọ́ tó bá fi méjèèjì síwájú ọmọ, tó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, tó ní kí ọmọ máa fi ẹsẹ̀ fò, tí kì í ka “ení” àfi nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò nílẹ̀ tó sì balẹ̀, á rí i pé 16 ni ọmọ yóò dé. Rúlà tó ti kán lórí náà wúlò níhìn-ín: ohun tó bẹ̀rẹ̀ lórí 3, tó parí lórí 9, sẹ̀ǹtímítà 6 ni.

Òǹkà Yorùbá fúnra rẹ̀ ń rìn lórí ìlà yìí, iwájú pẹ̀lú ẹ̀yìn. Míṣọ́nnárì Adolphus Mann ti kọ nípa ètò rẹ̀ ní 1887. Ẹ wo 38 àti 7. Ẹni tó pè é ní Gẹ̀ẹ́sì ń bojú wo 30 lẹ́yìn. Méjìdínlógójì ti sọ fún ọmọ pé ẹsẹ̀ méjì ló kù kó dé ogójì. Á yọ méjì nínú méje, á dé ogójì; márùn-ún tó kù á gbé e dé márùndínláàádọ́ta. Àwọn olùkọ́ ní Netherlands máa ń lo ìlà tí kò ní àmì kankan láti kọ́ ọmọ ní irú fífò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè fi ibi tó rọrùn ṣe ibùsọ̀. Ọmọ tiwa ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Ẹ̀rí wà pé èyí kì í ṣe àsọdùn. Láti 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́ ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà Helen Verran, tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ifẹ̀ kan náà, rí olùkọ́ kan tí kò ní rúlà gígùn tó tó. Káàdì sẹ̀ǹtímítà 10 ló fún àwọn ọmọ, wọ́n wé okùn mọ́ ọn, wọ́n ka iye ìgbà tí wọ́n wé e, wọ́n sì ro èyí tó ṣẹ́kù mọ́ ọn. Ẹnu kọ́kọ́ ya Verran, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, *Science and an African Logic*, ní 2001.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní 2025, wọ́n fagi lé e. Síbẹ̀, kò sí òfin tó ní kí olùkọ́ Ìbàdàn má fa ìlà sílẹ̀, kó má pe òǹkà ní Yorùbá kó tó pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin olùkọ́ kíláàsì kìíní sí ìkẹta, ẹ ṣe é.