Bọ́tìnnì tàbí skrín nínú mọ́tò: Kí ló dé táwọn iléeṣẹ́ kan fi ń padà sí bọ́tìnnì?

Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun lónìí, bọ́tìnnì ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́. Rédíò o, éésì o, nígbà míì wáípà pàápàá, ojú skrín kan ṣoṣo láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù ni awakọ̀ ti ń tẹ̀ wọ́n. Ó dùn ún wò lóòótọ́, àmọ́ ewu wà níbẹ̀. Ọwọ́ lè wá bọ́tìnnì rí láìjẹ́ pé ojú kúrò lọ́nà. Ti skrín kò rí bẹ́ẹ̀, ojú gbọ́dọ̀ wò ó kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?

Buick Riviera ọdún 1986, ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ní skrín tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀. Kò gbilẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn tí Tesla gbé Model S jáde lọ́dún 2012, pẹ̀lú skrín onínṣì 17, ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó kù wá ń tẹ̀ lé e. Skrín kan lè ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì, ìyẹn sì ń dín ìnáwó kù.

Kí ni àyẹ̀wò fi hàn?

Lọ́dún 2022, Vi Bilägare, ìwé ìròyìn ọkọ̀ kan ní Sweden, dán ọkọ̀ tuntun 11 wò pẹ̀lú Volvo V70 ọdún 2005 tó jẹ́ oníbọ́tìnnì. Lórí eré kìlómítà 110 ní wákàtí kan, awakọ̀ ní láti ṣe iṣẹ́ mẹ́rin, irú bíi kó tan rédíò kó sì wá ìkànnì kan pàtó.

• Volvo àtijọ́ yẹn: ìṣẹ́jú àáyá 10, ó ti rin mítà 306.
• MG Marvel R: ìṣẹ́jú àáyá 44.9, ó ti rin mítà 1,372. Ìyẹn tó pápá bọ́ọ̀lù 13 tí wọ́n tò tẹ̀léra.

Ní Jámánì, awakọ̀ Tesla kan ń tẹ skrín nínú òjò lọ́dún 2019 láti yí eré wáípà padà, ló bá ya kúrò lójú títì. Lọ́dún 2020, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Karlsruhe fọwọ́ sí i pé kó san owó ìtanràn 200 yúrò, kó má sì wakọ̀ fún oṣù kan.

Kí ló ti yí padà?

Láti ọdún 2026, Euro NCAP, àjọ tó ń fún ọkọ̀ ní máàkì ààbò nílẹ̀ Yúróòpù, ń yọ máàkì bí ọkọ̀ ò bá ní bọ́tìnnì tàbí ọ̀pá gidi fún nǹkan márùn-ún: tráfíkétọ̀, iná pàjáwìrì, fèrè, wáípà àti ìpè SOS. Kì í ṣe òfin ìjọba, àmọ́ iléeṣẹ́ tó ń wá ìràwọ̀ márùn-ún kò ní fojú di í. Volkswagen náà ti ní àwọn yóò dá bọ́tìnnì padà fún àwọn nǹkan tí awakọ̀ ń lò jù.

Kí ló kan awakọ̀ tiwa?

Ọkọ̀ tí wọ́n ń tà tuntun lókè òkun lónìí ni yóò di tòkunbọ̀ wa lọ́la. Bí tiyín bá jẹ́ onískrín:

• Ẹ ṣètò éésì, rédíò àti máàpù kí ẹ tó gbéra.
• Ẹ mọ bọ́tìnnì orí sítíárì dáadáa.
• Ẹ jẹ́ kí ẹni tó jókòó níwájú bá yín tẹ̀ ẹ́.
• Bí kò bá sí ẹnì kankan, ẹ páàkì ná.