Àwọn Ọmọ Wa Tí Wọ́n Tún Ọkọ̀ Ṣe Lójú Ogun

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ Ogun Hitler, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1939 tí ó sì parí ní 1945, ẹni tí ó gbé ìbọn ni a máa ń kọ́kọ́ rántí. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọta ìbọn kì í dá rin ìrìn àjò, oúnjẹ kì í sì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá ọmọ-ogun nínú igbó. Ọkọ̀ ni ó ń kó wọn, ọkọ̀ sì jẹ́ ohun tí ó máa ń bàjẹ́. Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́ àti epo dúdú lójú. A fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa gbọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn, àti ohun tí ó bá wọn nígbà tí wọ́n padà dé ilé.

Iṣẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa nígbà tí ogun náà dé. Ní nǹkan bí ọdún 1906 ni a la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ní Èkó, láàrin ogún ọdún àkọ́kọ́ ọ̀rúndún náà, W. A. Dawodu ti di ẹni tí ìlú mọ̀ nídìí títà àti títún ọkọ̀ ṣe. Ní Ìbàdàn, Salami Agbaje wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò. Ilé iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta sì ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ irin àti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ogun Gẹ̀ẹ́sì kò ka ọmọ ìhà gúúsù sí jagunjagun. Láti ìhà àríwá ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ-ogun wọn, èdè Haúsá ni a sì fi ń pàṣẹ ní bárékè. Nígbà tí ogun ńlá dé, tí wọ́n ń wá akọ̀wé, awakọ̀, olùtọ́jú aláìsàn, oníṣẹ́ wáyà àti mẹkáníìkì, wọ́n rí i pé ẹni tí yóò ka nọ́ńbà ara ẹ̀rọ, tí yóò sì ka ìwé tí a fi ń tún un ṣe, ilé ẹ̀kọ́ ni a ti ń rí i. Báyìí ni àwọn ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò àti àwọn ará gúúsù mìíràn tí wọ́n ti ka ìwé dé ìwọ̀n kan ṣe bọ́ sí iṣẹ́ ogun. Ẹni tí a ti kọ̀ ní àná ni a wá ń bẹ̀ lónìí.

Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni a ti kọ́kọ́ rí ohun tí ọkọ̀ lè ṣe. Láàrin ọdún 1940 ni àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kenya láti bá àwọn ará Italy jà. Aṣálẹ̀ ni apá àríwá ilẹ̀ náà; omi kò sí, ọ̀nà kò sí, iyanrìn nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1941, àwọn ọmọ Nàìjíríà wọ Mogadishu, wọ́n sì bá epo pẹtiróòlù tí ó lé ní 300,000 gálọ́ọ̀nù níbẹ̀, tí àwọn ọ̀tá sá fi sílẹ̀. Ohun tí ó mú kí ìrìn tí ó tẹ̀ lé e ṣeé ṣe nìyẹn. Wọ́n dojú kọ ìhà àríwá lójú ọ̀nà tí àwọn ará Italy là, wọ́n sì dé Jijiga ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta, ìrìn tí ó lé ní 700 máìlì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n jà ní òkè Marda, tí wọ́n sì wọ Harar ní ọjọ́ 26 oṣù kan náà. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, Addis Ababa ti bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ ogun Gẹ̀ẹ́sì.

Kí òǹkàwé wa gbìyànjú láti ro ó wò. Ọkọ̀ akẹ́rù kan rin 700 máìlì nínú eruku àti òkúta, ó ru ènìyàn àti ẹrù, ilé ìtajà kan kò sì sí lọ́nà tí a ti lè ra ohunkóhun. Eruku á wọ inú kàbúrétọ̀, ẹ́ńjìnì á sì máa wúkọ́ bí arúgbó. Omi inú rédíétọ̀ á gbẹ tán, bẹ́ẹ̀ ni omi mímu àwọn ènìyàn pàápàá jẹ́ wíwọ̀n. Sípíríǹgì á kán, táyà á ya. Mẹkáníìkì ni yóò yọ sípíríǹgì lára ọkọ̀ tí ó ti kú, tí yóò fi sí ara èyí tí ó ṣì ní ẹ̀mí, tí yóò sì ṣe èyí kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé ọ̀wọ́ ọkọ̀ kò ní dúró dè é. Ohun kan tí iṣẹ́ ogun fi yàtọ̀ sí ti ìta ni ètò. Lójoojúmọ́ ni a yan apá kan nínú ọkọ̀ fún àyẹ̀wò: lónìí bíréèkì, lọ́la bátìrì, lọ́tùn-únla àwọn nọ́ọ̀tì abẹ́ ọkọ̀. A kì í dúró kí nǹkan bàjẹ́ kí a tó tún un ṣe. Ní tiwa, a rò pé ẹ̀kọ́ yìí níye lórí ju gbogbo owó oṣù tí wọ́n gbà lọ.

Búmà yàtọ̀ pátápátá. Ní 1943 ni a dá ẹgbẹ́ ogun méjì sílẹ̀ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Dífíṣọ̀n 81 àti Dífíṣọ̀n 82, tí Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia jọ kó ọmọ fún. Àmì aláǹtakùn ni Dífíṣọ̀n 81 fi sí apá. Wọ́n gba orí omi lọ sí Íńdíà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lọ sí Arakan ní etí òkun Búmà, níbi tí òjò ọdún kan ti lè tó 200 ínṣì. Àfonífojì odò Kaladan ni a rán Dífíṣọ̀n 81 lọ, òkè gíga sì dí ọ̀nà ibẹ̀. Kí wọ́n lè kọjá, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà kan láti Chiringa dé Daletme, tí gígùn rẹ̀ tó 75 máìlì, pẹ̀lú ọkọ́, àdá àti ṣọ́bìrì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1944 ni ọ̀nà náà parí, tí ọkọ̀ jíìpù sì gba orí rẹ̀ kọjá. West African Way ni wọ́n sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà parí sí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ parí sí. Láti ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, orí àwọn aláàárù ọmọ-ogun ni ó sì ń rù wọ́n lọ. Ẹ̀rín díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: àwọn tí a kọ́ láti tún ẹ́ńjìnì ṣe ń wo àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ń ru ẹrù bí a ti ń ru ú ní ilẹ̀ wa kí Òyìnbó tó mú mọ́tò dé. Ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wà, ní ibùdó àtúnṣe, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń mu táyà dé ààbọ̀, tí ìpẹta sì ń jẹ irin láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ewu wà fún ẹni ẹ̀yìn náà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, kì í ṣe oníbọn. Olùtọ́jú aláìsàn ni. Síbẹ̀ ìbọn àwọn ará Japan bà á létí odò Kaladan ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará abúlé kan sì fi í pamọ́ títí oṣù kejìlá ọdún náà. Òun kọ ìtàn tirẹ̀ kí ó tó kú ní 2012. Àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n kọ tiwọn kò pọ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945 ni Dífíṣọ̀n méjèèjì gba Myohaung. Japan túúbá ní oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi tí yóò kó wọn wálé ṣọ̀wọ́n, ó sì di 1946 kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó rí Èkó. Ilé tí wọ́n bá kì í ṣe ilé tí wọ́n fi sílẹ̀. Ọjà ti wọ́n gógó. Ní 1945 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè, tí Michael Imoudu wà lára àwọn aṣáájú wọn, ti da iṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 44 nítorí owó ìgbésí ayé.

Ìjọba ṣe òfin ní 1945 pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ gba iye kan nínú àwọn ṣọ́jà tí wọ́n dé. Òfin náà dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n awakọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ogun kọ́ pọ̀ ju àyè tí ó ṣí sílẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ sì kọ̀ láti ka ìwé ẹ̀rí ogun sí. Wọ́n ní iṣẹ́ ogun pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ: ẹnìkan mọ bíréèkì, kò mọ dáínámò, ẹlòmíràn mọ gíríìsì nìkan. Wọ́n ní kí ó wá tún ìdánwò ṣe. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀sùn yìí, a kò ní bo ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbọ́ fún ẹni tí ó ti mú ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀ Arakan pé kò tíì kọ́ṣẹ́. Ní Accra, ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, nígbà tí àwọn ṣọ́jà àtijọ́ ń mú ẹ̀bẹ̀ wọn lọ bá Gómìnà, a yìnbọn pa mẹ́ta nínú wọn. Ní ilẹ̀ wa náà, ìkùnsínú pọ̀.

Ẹni tí kò rí iṣẹ́ oṣù gbà wá iṣẹ́ mìíràn. Ọkọ̀ tuntun ti ń wọlé padà lẹ́yìn ogun, Bedford àti Austin, àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa sì ń kan ara pákó sí wọn lẹ́yìn, èyí tí a ń pè ní bọ́lẹ̀kájà. Kòkó pọ̀ láti kó, ọ̀nà sì burú, nítorí náà sípíríǹgì ń kán bí ó ti ń kán ní Jijiga. Abẹ́ igi létí ọ̀nà tó fún ilé iṣẹ́. Jáàkì kan, àpótí sípánà kan àti ihò tí a gbẹ́ sílẹ̀ kí ènìyàn lè wọ abẹ́ ọkọ̀ tó fún ohun èlò. Ní 1947 ni a dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Yábàá, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lè gbà kò tó nǹkan. Abẹ́ igi ni àwọn yòókù ti kọ́ṣẹ́. Òbí á mú ọmọ wá, wọn á jọ fi ọdún sí i, ọmọ á máa fọ nọ́ọ̀tì nínú pẹtiróòlù fún oṣù púpọ̀ kí ọ̀gá tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Ní ọjọ́ tí ó bá gba òmìnira, wọn á gbàdúrà fún un, wọn á jẹ, wọn á mu, òun náà á sì lọ wá igi tirẹ̀ létí ọ̀nà mìíràn.