Ta Ni Wọ́n Ń Fún Ní Fọ́ọ̀mù Ọ́físà?

Tí fọ́ọ̀mù NDA bá jáde báyìí, gbogbo wa la máa ń mọ̀. Orí WhatsApp á gbóná. Ẹnì kan á máa béèrè máàkì JAMB, ẹlòmíì á máa wọn ara rẹ̀ mọ́ ògiri bóyá òun ga tó, ìyá ẹnì kan á sì ti máa wá ẹni tó mọ ọ̀gá sójà kan ní Àbújá. Pé ẹni tó bá kúnjú òṣùwọ̀n lè kọ orúkọ sílẹ̀, a kì í ronú kàn án mọ́. Rírí àyè wọlé ni wàhálà. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, sí ọdún 1939, nígbà tí kíkọ orúkọ gan-an jẹ́ èèwọ̀ fún irú wa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, Charles Arundel Moody, tí wọ́n ń pè ní Joe. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Jàmáíkà ni bàbá rẹ̀, Dókítà Harold Moody, tó dé ìlú Ọba ní 1904, tó sì ń tọ́jú aláìsàn ní àdúgbò Peckham. Ilé ẹ̀kọ́ Alleyn's ní Dulwich, ilé ẹ̀kọ́ tó gbayì, ni Joe lọ. Bí ogun Hitler ṣe bẹ́ sílẹ̀, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń gba èèyàn sísẹ́ ológun, ó ní òun fẹ́ di ọ́físà. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Kì í ṣe pé kò kàwé, kì í sì í ṣe pé ara rẹ̀ kò le. Òfin iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ pé ẹni tó máa gba oyè ọ́físà gbọ́dọ̀ jẹ́ òyìnbó pọ́nńbélé. Aláwọ̀ dúdú lè di sójà lásán, kó gbébọn, kó kú, ìyẹn ò burú. Kó wá máa pàṣẹ fún òyìnbó ni wọn ò fẹ́ rí.

Ohun tó tiẹ̀ sọ ọ́ di àwàdà ni pé wọ́n ti rú òfin yìí rí. Walter Tull, agbábọ́ọ̀lù tó gbá fún Tottenham, tí bàbá rẹ̀ wá láti Barbados, di ọ́físà ní 1917. Ó ṣáájú àwọn sójà òyìnbó lójú ogun ní Ítálì, ó sì kú ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù kẹta 1918. Òfin ṣì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Dókítà Moody ò káwọ́ gbera. Láti 1931 ló ti dá ẹgbẹ́ League of Coloured Peoples sílẹ̀ (ìlú kan náà yẹn ni Ládipọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ti dá WASU sílẹ̀ ní 1925, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa fi ń bá ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà). Ó kọ̀wé, ó wọ ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 1939, ìjọba kéde pé aláwọ̀ dúdú lè gba oyè ọ́físà, àmọ́ fún ìgbà ogun nìkan. Bàbá dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó sọ fún wọn pé títí láé lòun ń fẹ́, kì í ṣe tìgbà ogun nìkan. Ní 1940, Joe di ọ́físà.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ tiwa lẹ́yìn ìyẹn. Seth Anthony, tíṣà ní Achimota nílẹ̀ Gold Coast, gba oyè ní 1942, ó sì jagun ní Burma. Ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ gbà á ni Ugboma, ní 1948. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, wọ iṣẹ́ sójà ní 1943. Ó gba àmì ẹ̀yẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1951 torí ipa tó kó nígbà tí àwọn sójà fẹ́ dàrú lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Síbẹ̀, 1954 ni wọ́n tó rán an lọ sí Eaton Hall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kọ́ṣẹ́ ọ́físà. Ẹ kà á wò: ọdún mọ́kànlá.

Ní 1958, nǹkan ti yàtọ̀. Òmìnira ti ń bọ̀, wọ́n sì ń wá ọmọ onílùú tó máa gba ipò lọ́wọ́ òyìnbó, débi pé inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń kéde rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe tíṣà n'Íbàdàn rí ìkéde yìí. Ó ti yege ìdánwò àtiwọ yunifásítì Ìbàdàn, owó ilé ìwé ni kò sí. Ó fẹ́ di ẹnjiníà. Sójà á sanwó oṣù fún un, á sì tún kọ́ ọ níṣẹ́, ló bá kọ̀wé sí wọn. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ lorúkọ rẹ̀. Kò kọ́kọ́ sọ nílé, torí ó mọ̀ pé àwọn òbí òun lè ní rárá. Ẹ̀yin náà ẹ ro bó ṣe máa rí lára: ọmọ tó kàwé yege, kó lọ máa ṣe sójà! Ó gba Teshie ní Ghana kọjá, ó dé Mons ní Aldershot, òtútù ibẹ̀ ò sì bá a lára mu. Ọ̀nà ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ojú tí wọ́n fi ń wo tálákà níbẹ̀ tún bí i nínú. Ṣùgbọ́n ó gba oyè rẹ̀.

Òun nìkan kọ́ ló fi nǹkan pa mọ́ fún bàbá tàbí tó bá a fà á. Odùmẹ́gwù Òjúkwù ti gboyè ní Oxford, ọlọ́rọ̀ ńlá ni bàbá rẹ̀, bàbá náà ò sì fẹ́ rí iṣẹ́ sójà sójú. Ọmọ yìí gba ìsàlẹ̀ wọlé ní Zaria bíi sójà lásán.

Ó ku àwọn obìnrin. Láti 1964 ni NDA ti wà ní Kàdúná, àmọ́ 2011 ni wọ́n tó gba ọmọbìnrin láti kọ́ṣẹ́ ọ́físà ajagun níbẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta nìyẹn. Àwọn obìnrin tó fẹ́ jẹ́ ọ́físà ṣáájú ìgbà náà gba ẹnu iṣẹ́ mìíràn wọlé, bíi nọ́ọ̀sì àti dókítà. Dókítà àìsàn ọpọlọ ni Adérónkẹ́ Kálẹ̀, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di Major General nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà, ní 1994. Ó ti fẹ̀yìn tì kí Kàdúná tó ṣílẹ̀kùn fáwọn ọmọbìnrin.