Ta Ni Yóò Jókòó ní Mápó?

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ gbé àyíká Ọjà'ba àti Mápó, àwọn Ìjẹ̀bú sì sọ̀ sí ibi tí à ń pè ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú títí dòní. Oyè ni wọ́n fi ń ṣàkóso ìlú. Mọ́gàjí ló ń ṣolórí agbo ilé. Láti ibẹ̀ ni ọkùnrin ti ń gun àkàbà oyè, bí orí bá sì bá a ṣe é, ó lè di olórí ìlú, tí à ń pè ní Olúbàdàn lónìí. Nígbà tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó, ilé ìṣàkóso ìlú, ní 1929, àwọn olóyè yìí náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń bá ṣiṣẹ́.

Ọdún 1951 ni ìbò bẹ̀rẹ̀ sí í da àkàbà yẹn rú. Ìjókòó 6 ni Ìbàdàn ní nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ Ibadan People's Party ló sì kó gbogbo rẹ̀: Augustus Akinloye, Adégòkè Adélabú, Moyosore Aboderin, S. A. Akinyemi, S. O. Lanlehin àti D. T. Akinbiyi. Nígbà tí ilé jókòó ní oṣù kìn-ín-ní 1952, márùn-ún nínú wọn ti bọ́ sí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Adélabú nìkan ló dúró ti ẹgbẹ́ NCNC tó ń ta kò wọ́n.

Ó dà bí ẹni pé ó ti dá wà nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba ìbílẹ̀ tuntun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tí Ọlọ́pẹ ń darí, fúnra rẹ̀ ṣe ló ṣílẹ̀kùn fún un. Òfin náà ní kí ará ìlú dìbò yan èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn káńsẹ́lọ̀, kí àwọn olóyè máa gba ìjókòó díẹ̀. Ọ̀pọ̀ Mọ́gàjí kò fẹ́ràn ètò yìí rárá.

Adélabú lọ bá wọn. Ó so NCNC pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Máíyẹgún, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí inú ń bí nítorí pé ìjọba ń gé igi kòkó wọn tó lárùn. Ó pe àjọṣe náà ní MábọláJẹ́, orúkọ tó dùn létí àwọn olóyè. Owó orí ló ń sọ lórí pèpéle, èdè agbo ilé ló sì fi ń sọ ọ́. Ìjà ilẹ̀ àti ọrọ̀ láàárín ọmọ Ìbàdàn àti àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú tó dé lẹ́yìn wọ ọ̀rọ̀ náà, torí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ni olórí Ọlọ́pẹ.

Ní 1954, MábọláJẹ́ gba káńsù. Adélabú di alága ní Mápó, kò sì pẹ́ tó tún fi di mínísítà ìjọba àpapọ̀. Ọkùnrin kan, ipò méjì!

Kò gbádùn un pẹ́. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìwádìí kalẹ̀ lórí káńsù náà, E. W. J. Nicholson ló sì ṣe é. Àbọ̀ rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ìṣàkóso Adélabú, ó sì fipò mínísítà sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1956. Níbòmíràn, ìṣèlú ẹni bẹ́ẹ̀ ì bá parí. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, Ìbàdàn tún dìbò fún un, ó sì di olórí ẹgbẹ́ alátakò nílé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Lójú àwọn agbo ilé, ẹjọ́ tí ọ̀tá rò kò tó ẹ̀rí.

Ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà Èkó ní 25 oṣù kẹta 1958, lẹ́ni ọdún 42. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀mí ṣòfò, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ sì dojú kọ àwọn ará Ọlọ́pẹ. Àwọn tó kù nínú MábọláJẹ́ pín, apá kan sì bá ẹgbẹ́ NPC ti Àríwá dọ́gbọ́n. Síbẹ̀, nínú ìbò àpapọ̀ ti oṣù kejìlá 1959, ìjókòó 6 ni wọ́n kọ sórúkọ MábọláJẹ́.

Ní 1991, ìjọba ológun pín Ìbàdàn sí ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún nínú ìlú. Mápó àti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú bọ́ sí Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Káńsù kan tí Adélabú fi ń darí gbogbo ìlú ti di márùn-ún, oníkálukú wọn sì ní alága tirẹ̀.