Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun: látorí ẹ̀gẹ́ dórí àrùn ìgbàgbé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí kọjá, ọ̀rọ̀ bàbá àti ìyá wa ni.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa tó máa ń ṣìnà tí wọ́n bá ń ti ọjà bọ̀. Àjẹ́ la pè wọ́n. Èmi náà wà nínú àwọn tó ń pariwo tẹ̀ lé wọn. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó kà nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ojú sì tì mí.

Ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì ni wọ́n, ọdún 1935 ni wọ́n bí wọn. Dókítà ọpọlọ àti iṣan ni wọ́n ní UCH, Ìbàdàn. Láwọn ọdún 1960, wọ́n ṣèwádìí àìsàn kan tó pọ̀ lágbègbè Ẹ̀pẹ́: ẹsẹ̀ á kú tipiri, èèyàn ò ní lè rìn dáadáa, ojú àti etí á máa kú lọ. Wọ́n tọpa rẹ̀ dé ìdí àwo oúnjẹ: ẹ̀gẹ́ tí májèlé cyanide ò tán lára rẹ̀, táwọn èèyàn ń jẹ lójoojúmọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ sórí àrùn ìgbàgbé. Ní 1992, àwọn àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie láti Indiana bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan: wọ́n ń fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, l'Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 65 sókè ni gbogbo wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun kú ní 1995, àmọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àtàwọn yòókù ò jẹ́ kíṣẹ́ náà kú.

Èsì jáde ní 2001. Nínú 1,000 àgbà, bíi 13 tàbí 14 ni àrùn náà ń mú lọ́dún kan n'Ìbàdàn. Ní Indianapolis, bíi 32 ni. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, àmọ́ ìgbé ayé yàtọ̀. Àwọn olùwádìí tọ́ka sí oúnjẹ Ìbàdàn tí ọ̀rá ò pọ̀ nínú rẹ̀: ọkà, iṣu àti ẹja díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà kéré lọ́dọ̀ tiwa. Wọn ò sọ pé oúnjẹ nìkan ló fà á o.

Ìdí tí mo fi kọ èyí rèé. Tá a bá ń bọ̀ nílé lásìkò ọdún, páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì la máa ń kó wá fáwọn àgbà. A rò pé ìtọ́jú nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa ra ẹja àti ẹ̀fọ́ fún wọn, ká sì mú wọn lọ yẹ ìfúnpá wò. Tí màmá bá sì ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má pè wọ́n lájẹ́.

Èmi ni tiyín,
Olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́